Iná Ọwọ́ Ara Wa: Bí A Ṣe Lè Fi Oòrùn Tan Ilé Wa

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ ní ìpàdé gbogboogbò ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Kánò)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ alákòóso tó ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iná mànàmáná tí èèyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nínú ilé. Èmi kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Wáyà ni mo ń fà, iná ni mo ń tún ṣe. Ní Sábọ̀n Gàrí níbí ni wọ́n ti bí mi. Bàbá mi ló wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ, ohun tí ọwọ́ mi ti ṣe ni, àti èyí tó yọrí sí rere àti èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di ẹni ìtìjú.

Gbogbo wa la mọ̀ pé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, ìpàdé yóò pinnu lórí owó tí a ti ń dá láti fi ra jẹnẹrétọ̀ tuntun fún gbọ̀ngàn wa. Mo bẹ̀ yín, ẹ fún mi ní etí yín díẹ̀ kí ẹ tó na owó náà.

Ohun tí ojú wa ti rí

Ẹni tó wà ní ìlú yìí ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2024 kò lè gbàgbé. Àwọn jàǹdùkú ba wáyà ńlá tó ń gbé iná láti Ṣíróró lọ sí Kàdúná jẹ́. Kánò, Kàdúná, Kàtsínà, Gòmbè àti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn ní Òkè Ọya sì wà nínú òkùnkùn fún ọ̀sẹ̀ kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ìyá wa tó ń ta ẹja inú fíríìsà mọ ohun tí wọ́n dà nù. Àwọn aránṣọ wa mọ iye aṣọ tó wà nílẹ̀ tí wọn kò rí rán. Kí àkókò náà tó dé, iná NEPA, bí a ṣì ṣe ń pè é títí di òní, kì í kúkú ṣe ohun tí èèyàn ń gbọ́kàn lé.

A sá lọ sọ́dọ̀ jẹnẹrétọ̀, epo sì lé wa padà. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà kọjá 500 láàrin ọjọ́ díẹ̀, ó sì kọjá 1,000 náírà kí ọdún 2024 tó parí. Ẹni tó bá ń bu epo sínú jẹnẹrétọ̀ kékeré ní alaalẹ́, kó lọ jókòó kó ṣírò iye tó ń jó lọ láàrin ọdún kan. Èmi ṣírò tèmi, mi ò sì lè sọ ọ́ fún ìyàwó mi.

Ohun tó burú ju owó lọ ni èéfín. Lọ́dọọdún la ń gbọ́ ọ ní orílẹ̀-èdè yìí pé ìdílé kan gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè tàbí nítorí òjò, wọ́n sùn, ilẹ̀ mọ́, wọn kò jí. Afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín náà kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ẹni tó ti sùn kò ní mọ̀ pé òun ń kú lọ. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe nítorí fàájì ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀ iná oòrùn.

Ẹ̀rọ mẹ́rin péré ni

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé sólà jẹ́ ohun àwọn olówó tàbí ohun awo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ mẹ́rin péré ni, ẹ sì lè fi oko àti aká ṣe àpèjúwe rẹ̀.

Èkíní ni páńẹ́lì, òun ni oko. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń sọ di iná. Ooru kọ́ ló ń lò. Kódà bí páńẹ́lì bá gbóná jù, iná tó ń mú wá á dín kù díẹ̀. Ìdí nìyí tí a kì í fi í lẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù pátápátá. A máa ń fi àyè sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Èkejì ni kọntirólà, òun ni olùṣọ́ ẹnu aká. Ó ń wo bátìrì. Bó bá ti kún, á dá iná dúró kó má baà jó o. Ẹni tó bá so páńẹ́lì mọ́ bátìrì láìsí kọntirólà, bátìrì ló ń pa.

Ẹ̀kẹta ni bátìrì, òun ni aká tí a ń kó iná ọ̀sán sí fún alẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni ìnfátà. Iná bátìrì kì í ṣe irú iná tí fáànù àti tẹlifíṣọ̀n wa ń lò. Ìnfátà ló ń yí i padà sí irú iná NEPA, 220 tàbí 230 fóòtì.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, kò sí oníṣòwò tó lè fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn án jẹ.

Ìṣirò ni ìbẹ̀rẹ̀

Bí ẹnìkan bá wọ ọjà tó ní, “Ẹ tà mí ní sólà,” ohun tí ọlọ́jà fẹ́ tà ló máa rà. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó sílé pẹ̀lú bíírò àti ìwé. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń lò, iye wáàtì rẹ̀ àti iye wákàtí tí ẹ ń lò ó. Ẹ jẹ́ ká mú ilé oníyàrá méjì kan ṣe àpẹẹrẹ:

Gílóòbù LED 5, ọ̀kọ̀ọ̀kan 9 wáàtì, fún wákàtí 5: ó jẹ́ 225.
Fáànù 2, ọ̀kọ̀ọ̀kan 60 wáàtì, fún wákàtí 8: ó jẹ́ 960.
Tẹlifíṣọ̀n 1, 80 wáàtì, fún wákàtí 4: ó jẹ́ 320.
Fóònù 3, ọ̀kọ̀ọ̀kan 10 wáàtì, fún wákàtí 2: ó jẹ́ 60.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,565. Èyí ni a ń pè ní wáàtì-wákàtí. Nítorí pé ìnfátà, wáyà àti bátìrì náà máa ń jẹ díẹ̀ lára iná, ẹ jẹ́ ká pè é ní 2,000 lójúmọ́.

Ká wá wo páńẹ́lì. Oòrùn ń ràn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n wákàtí tó lágbára tí a lè fi ṣe ìṣirò ní Kánò jẹ́ bíi 5 lójúmọ́. Bí a bá pín 2,000 sí ọ̀nà 5, ó jẹ́ 400 wáàtì. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ń bọ̀ pẹ̀lú eruku rẹ̀, ìkùukùu oṣù kẹjọ náà ń bọ̀. Nítorí náà, ẹ fi kún un kó di 600 wáàtì, ìyẹn páńẹ́lì 2 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 300.

Ti bátìrì ńkọ́? Bátìrì olómi 12 fóòtì tó jẹ́ 200 Ah ń gba 2,400 wáàtì-wákàtí. Ṣùgbọ́n ẹ má lò ju ìdajì rẹ̀ lọ bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Nítorí náà, 2 lẹ máa nílò, tí a so pọ̀ di 24 fóòtì. Bó bá jẹ́ lithium 24 fóòtì tó jẹ́ 100 Ah, ẹyọ kan á tó, nítorí pé a lè lo bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ láìpa á lára. Owó lithium ga níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ó ń pẹ́ ju olómi lọ dáadáa, kò sì fẹ́ omi.

Kọntirólà 40 ámpù á gbé páńẹ́lì wọ̀nyẹn lórí 24 fóòtì. Bí gbogbo ẹrù tí mo kà bá ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò tó 300 wáàtì, nítorí náà ìnfátà 1,000 VA á gbé e láìlàágùn.

Ẹ kíyè sí i pé n kò ka áyọ́ọ̀nù, síítóòfù oníná, ẹ̀rọ amúlétutù àti fíríìsà mọ́ ọn. Áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo lè gba 1,000 wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ kékeré yìí á gbé áyọ́ọ̀nù àti síítóòfù, owó yín ló ń wá. Ìyá tó ń ta omi tútù lè ní sólà fún fíríìsà, àmọ́ ìṣirò tirẹ̀ yàtọ̀, owó rẹ̀ náà yàtọ̀.

Àṣìṣe tèmi

Ní ọdún 2015 ni mo kọ́kọ́ ṣe iná oòrùn sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ra páńẹ́lì tí wọ́n kọ 250 wáàtì sí lẹ́yìn, mi ò fi mítà wọ̀n ọ́n. Nígbà tí mo padà wọ̀n ọ́n, kò tó 120. Ìyẹn dùn mí, àmọ́ owó lásán nìyẹn. Èyí tó burú ni wáyà. Mo ti ná owó tán, ni mo bá mú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí a ń fà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri, mo fi so bátìrì 12 fóòtì mọ́ ìnfátà. Mi ò sì fi fíúsì sí i. Mo ní ọ̀la ni n ó rà á.

Ọ̀la náà kò dé kí ọmọṣẹ́ mi tó ki ẹ̀rọ ìlu-nǹkan bọ ìnfátà náà. Ẹ wò ó bí ó ṣe rí: 600 wáàtì lórí iná NEPA kò tó 3 ámpù, ṣùgbọ́n 600 wáàtì kan náà lórí bátìrì 12 fóòtì jẹ́ 50 ámpù. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn gbóná, awọ rẹ̀ yọ́, méjèèjì kanra, iná sọ. Ọmọ náà fi ọwọ́ fa wáyà yọ. Ó gba ṣọ́ọ̀bù mi là, àmọ́ àpá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ títí di òní. Èmi ni mo lọ jókòó níwájú ìyá rẹ̀ láti ṣàlàyé. Ìyá náà kò bú mi. Ó kàn bi mí pé, “Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ náà, èéṣe tí ẹ kò fi ohun tó yẹ sí i?” Mi ò ní èsì.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe páńẹ́lì ló ń sọ èèyàn di oníná. Ìṣirò àti ohun ààbò ni.

Ọmọdé kan ní Màláwì

Ẹ lè máa rò ó pé iṣẹ́ yìí ju ọwọ́ wa lọ. Ní orílẹ̀-èdè Màláwì, ní nǹkan bí ọdún 2002, ọmọ ọdún 14 kan wà tó ń jẹ́ William Kamkwamba. Ìyàn mú, bàbá rẹ̀ kò rí owó ilé-ẹ̀kọ́ san, ó sì fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ó ń lọ sí ilé ìkàwé kékeré kan ní abúlé, ó rí ìwé kan tó ní àwòrán ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí. Ó ṣa àwọn ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti sọ nù: férémù kẹ̀kẹ́, dáínámò kẹ̀kẹ́, fáànù ẹ̀rọ katakata àti páìpù oníke. Ó fi igi ṣe òpó. Àwọn ará abúlé ní orí rẹ̀ ti dàrú. Nígbà tó yá, iná tàn ní ilé bàbá rẹ̀, rédíò sì ń sọ̀rọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà ni pé nígbà tó rí i pé wáyà tó fà sí òrùlé lè dá iná sílẹ̀, ó fi ìṣó, wáyà àti mágúnẹ́ẹ̀tì ṣe bíréékà fúnra rẹ̀. Ọmọ tí kò ní owó ìwé ṣe ohun ààbò. Èmi tí mo ní ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀la ni n ó rà á.

N kò ní kí ẹ lọ ṣe ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Oòrùn ni tiwa níbí, ó sì ń ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkàn ọmọ náà ni mo fẹ́ kí a yá lò.

Òfin tí ẹ kò gbọdọ̀ rú

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ìwọ̀nyí sílẹ̀.

1. Ẹ fi mítà wọn páńẹ́lì nínú oòrùn ọ̀sán kí ẹ tó sanwó. Fóòtì àti ámpù tí mítà bá kà kò gbọdọ̀ jìnnà sí èyí tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ gbé bátìrì olómi wò. 200 Ah gidi máa ń wúwo tó 50 kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ọmọdé lè gbé, òfìfo ni.

2. Ẹ fi fíúsì sí orí wáyà pọ́sítíìfù, nítòsí bátìrì gan-an. Bíréékà tí ẹ bá lò ní apá páńẹ́lì àti bátìrì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú ti DC. Bíréékà NEPA lásán lè má lè pa iná DC.

3. Wáyà tó lọ láti bátìrì sí ìnfátà gbọ́dọ̀ nípọn, kó sì kúrú. Fún ẹ̀rọ tí mo ṣírò yìí, èmi kì í lò ju 25 milimítà lọ sísàlẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ.

4. Bátìrì ni ẹ máa kọ́kọ́ so mọ́ kọntirólà, lẹ́yìn náà ni páńẹ́lì. Bí ẹ bá fẹ́ tú u, páńẹ́lì ni ẹ máa kọ́kọ́ yọ.

5. Bátìrì olómi ń mí èémí tó lè gbiná. Ẹ má gbé e sí yàrá tí ẹ ń sùn, ẹ má sì ṣáná nítòsí rẹ̀. Omi bátìrì gidi ni ẹ máa bù sí i, kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Ẹ má so bátìrì àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun.

6. Ẹ má fi iná ìnfátà ránṣẹ́ padà sí wáyà NEPA. Ẹ lo súìṣì tó ń yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Ẹni tó wà lórí òpó tó rò pé iná ti lọ, ẹ lè pa á láìmọ̀.

7. Kí páńẹ́lì kọjú sí gúúsù, kó dagun díẹ̀ bí ìwọ̀n 15. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ fi omi lásán àti aṣọ rírọ̀ nù ún ní ìdájí, kì í ṣe ní ọ̀sán nígbà tó gbóná. Ẹ dè é mọ́lẹ̀ dáadáa, nítorí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ní ìlú yìí kì í ṣe eré.

Àwa tí a wà ní ilé onílé

Ẹnìkan bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, “Ẹ̀gbọ́n, ilé tí mo ń gbé kì í ṣe tèmi. Ṣé kí n wá ṣe iná fún lánlọ́ọ̀dù ni?” Ìbéèrè gidi ni, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni àyálégbé. Ìdáhùn mi ni pé ẹrù tí èèyàn lè dì ni sólà. Ẹ má lu ilé onílé láìgba àṣẹ. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe férémù irin tó lè dúró ní ilẹ̀ tàbí ní bákónì, kí ẹ sì kó ìyókù sínú àpótí kan tó ní ihò atẹ́gùn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kó kúrò, ẹ tú u, ó di ilé tuntun. Bí ó bá sì di ọjọ́ tí ẹ ń padà sílé, á bá yín dé Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà tàbí Ìjẹ̀bú.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín pé ẹ nílò ìwé àṣẹ. Òfin Iná Mànàmáná ti ọdún 2023 kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń ṣe iná tí kò ju mẹ́gáwáàtì 1 lọ. Tiwa kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìyẹn.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú páńẹ́lì kékeré, gílóòbù mẹ́ta àti ibi tí fóònù á ti máa gba iná. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ̀rọ kékeré tí o mọ ìdí rẹ̀ sàn ju ńlá tí o kò lè tún ṣe lọ.

Ẹ̀bẹ̀ mi

Mo wá padà sí ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn wa. Mo ti ka ohun tó wà nínú rẹ̀: gílóòbù 10, fáànù 6 àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Kò tó 600 wáàtì. Ìlọ́po méjì ohun tí mo ṣírò fún ilé á gbé ìpàdé wa tó ń gba wákàtí 4, á sì tan iná fún àwọn ọmọ tó ń wá kàwé níbí ní ìrọ̀lẹ́, àwọn tí a ń lé lọ sílé báyìí nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Lọ́jọ́ ìkómọ tàbí ìgbéyàwó tí àwọn onílù bá gbé àpótí ohùn ńlá wá, ká yá jẹnẹrétọ̀ fún ọjọ́ náà. N kò ní purọ́ fún yín pé sólà á gbé ìyẹn.

Mo mọ̀ pé owó tí a máa kọ́kọ́ ná á ju owó jẹnẹrétọ̀ lọ. Àmọ́ jẹnẹrétọ̀ á máa béèrè epo ní gbogbo ìpàdé títí tó fi máa kú, bí èyí àná ṣe kú. Oòrùn kò ní béèrè nǹkan kan.

Ohun mìíràn tún wà. N kò fẹ́ ká pe ẹnikẹ́ni láti ìta wá ṣe é. Ẹ fún mi ní ọ̀dọ́ mẹ́fà nínú àwọn tó dúró lẹ́yìn yẹn, lọ́kùnrin àti lóbìnrin. A óò jọ ṣe ìṣirò, a óò jọ lọ sọ́jà pẹ̀lú mítà, a óò jọ so ó. N kò ní gba kọ́bọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ mi. Nígbà tí a bá parí, ẹgbẹ́ á ní iná, àwọn mẹ́fà á sì ní iṣẹ́ tí wọ́n lè fi jẹun níbikíbi. Ọmọṣẹ́ mi tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di ọ̀gá báyìí. Ó ti gbà láti bá mi kọ́ wọn, òun ló sì ní òun máa kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ fíúsì.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bàbá mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn mọ ògiri gbọ̀ngàn yìí. Ẹ jẹ́ kí àwa náà fi ọwọ́ ara wa tan iná rẹ̀.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí òkùnkùn bo ilé wa, kó sì mú ẹgbẹ́ wa tẹ̀ síwájú.